Nígbà Tí Ikọ̀ Kentucky Tú Pátápátá: Iṣẹ́ Tí Mark Pope Ṣe Lọ́dún 2024

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níjòókòó, ẹ̀yin akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, èyí tí púpọ̀ nínú wa ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti NBA tí ẹ máa ń jí wò lóru. Ti àwọn fásitì Amẹ́ríkà ni mo fẹ́ sọ. Bí gbogbo agbábọ́ọ̀lù ikọ̀ kan bá kó ẹrù wọn jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kí ni akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun máa fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́? Ó ṣẹlẹ̀ ní Fásitì Kentucky lọ́dún 2024, ojú gbogbo ayé ló sì ṣe.

Kentucky kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fojú kékeré wò. Ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ni wọ́n ti gbà, àkọ́kọ́ lọ́dún 1948, ìkẹjọ lọ́dún 2012. Rupp Arena tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù nílùú Lexington ń gba èèyàn tó lé ní 20,000. Ìpínlẹ̀ náà ò ní ikọ̀ NBA kankan, nítorí náà ikọ̀ fásitì yìí ni tọmọdé tàgbà gbọ́kàn lé. Níbẹ̀ ni Bam Adebayo, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ti gbá bọ́ọ̀lù fún sáà kan kó tó bọ́ sí Miami.

John Calipari ni akọ́nimọ̀ọ́gbá tó wà lórí àga níbẹ̀ láti ọdún 2009. Ọ̀nà tirẹ̀ kò fara sin: á wá àwọn ọmọ ọdún méjìdínlógún tí ọwọ́ wọn mú jù ní Amẹ́ríkà, wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù fún un lọ́dún kan, wọ́n á sì gba NBA lọ. Ọ̀nà yẹn ló fi gba ife 2012. Nígbà tó yá, ọ̀nà náà ò gbe wọ́n mọ́. Lọ́dún 2022, Saint Peter's, ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan ní New Jersey, lé wọn padà sílé níbi ìdíje àṣekágbá oṣù Kẹta, níbi tí ikọ̀ tó bá pàdánù lẹ́ẹ̀kan ti ń lọ sílé. Oṣù Kẹta ọdún 2024, Oakland láti ìpínlẹ̀ Michigan tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún wọn ní Pittsburgh, 80 sí 76.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí eré Oakland yìí. Reed Sheppard àti Rob Dillingham wà nínú ikọ̀ Kentucky lọ́jọ́ náà. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí NBA ń yan ọ̀dọ́, Sheppard ni wọ́n mú ṣe ẹnì kẹta, wọ́n sì mú Dillingham ṣe ẹnì kẹjọ. Ta ló wá ṣẹ́gun wọn? Jack Gohlke ni, géńdé kan tó ti lo ọdún mélòó kan ní Hillsdale, ilé ẹ̀kọ́ tí kò sí ní ìpele àkọ́kọ́ rárá, ìyẹn ìpele tó ga jù tí Kentucky wà. Ó dúró sẹ́yìn ìlà, ó ju bọ́ọ̀lù alámì mẹ́ta wọlé lẹ́ẹ̀mẹwàá. Àwọn ọmọ Kentucky ní ẹ̀bùn jù ú lọ níye ọ̀nà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tó mọ̀ ọ́n ṣe, ó sì ti ń ṣe é tipẹ́. Lójú tèmi, gbogbo ohun tí ẹni tó gbapò Calipari wá ṣe lẹ́yìn náà ti hàn nínú eré ọjọ́ yẹn.

Kò pé oṣù kan sí i, Calipari gba Arkansas lọ. Ni ilé bá tú. Sheppard, Dillingham àti Antonio Reeves bọ́ sí NBA. DJ Wagner, Adou Thiero àti Zvonimir Ivisic tẹ̀ lé ọ̀gá wọn. Aaron Bradshaw gba Ohio State lọ. Ugonna Onyenso, ọmọ wa láti Nàìjíríà, gba Kansas State lọ. Nínú gbogbo àwọn tí fásitì ń tìtorí bọ́ọ̀lù sanwó ẹ̀kọ́ fún, ẹyọ ẹnì kan ò ṣẹ́ kù.

Nígbà tí wọ́n ń wá akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun, orúkọ ńláńlá ni àwọn olólùfẹ́ ikọ̀ náà ń dá: Dan Hurley ti Connecticut, Scott Drew ti Baylor. Àwọn yẹn ò wá. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin, wọ́n kéde Mark Pope láti Fásitì Brigham Young, tí wọ́n ń pè ní BYU, ní ìpínlẹ̀ Utah. Ọ̀pọ̀ èèyàn yínmú, wọn ò sì jẹ̀bi. Pope ò tíì borí ẹyọ eré kan nínú ìdíje àṣekágbá gẹ́gẹ́ bí olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ọjọ́ tí Oakland lé Kentucky sílé gan-an ni Duquesne lé òun náà sílé.

Ṣùgbọ́n ọmọ ilé ni Pope. Ọ̀kan nínú àwọn balógun ikọ̀ tó gba ife 1996 lábẹ́ Rick Pitino ni. Bó ṣe dé Kentucky nígbà náà sì ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ wa. Fásitì Washington ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ fún sáà méjì, wọ́n tilẹ̀ fi í ṣe ọmọ tuntun tó peregedé jù nínú líìgì wọn. Ẹ̀yìn ìyẹn ló ṣí lọ sí Kentucky. Òfin ìgbà náà ni pé ẹni tó bá ti ilé ẹ̀kọ́ kan ṣí lọ sí òmíràn gbọ́dọ̀ jókòó ọdún kan gbáko kó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù nínú ìdíje. Pope jókòó. Ó ṣe àlejò, ó wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, kó tó di ẹni tí wọ́n ń fi ṣe balógun. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá ń pe ọmọ tó fẹ́ ṣípò lórí fóònù, ohun tí ojú òun fúnra rẹ̀ ti rí ló ń sọ fún un. Mi ò rò pé ọ̀pọ̀ kóòṣì lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi í han ará ìlú, Rupp Arena kún dẹ́nu bí ẹni pé eré ń lọ. Bọ́ọ̀sì kan wọ inú pápá, òun àti àwọn tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù látijọ́ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ife 1996. Àwọn tó yínmú níjẹta ló ń pariwo orúkọ rẹ̀. Mo ti wo fídíò ọjọ́ náà lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì máa ń wú mi lórí, nítorí pé ọkùnrin tí wọ́n ń hó fún yẹn ò tíì ní ikọ̀ kankan lọ́wọ́. Àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹrin yẹn, eérú ṣì ni gbogbo rẹ̀.

Báwo ló tilẹ̀ ṣe ṣeé ṣe kí ikọ̀ kan tú bẹ́ẹ̀, kó sì tún kún láàárín oṣù díẹ̀? Òfin ló yí padà. Oṣù Kẹwàá ọdún 2018 ni NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìdárayá àwọn fásitì, dá transfer portal sílẹ̀: agbábọ́ọ̀lù tó bá fẹ́ ṣípò á fi orúkọ síbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tó bá wù á sì lè bá a sọ̀rọ̀. Lọ́dún 2021, wọ́n gbà kí ọmọ ṣí lẹ́ẹ̀kan láìjókòó ọdún kan. Oṣù Keje ọdún yẹn náà ni wọ́n gbà kí àwọn ọmọ máa fi orúkọ àti àwòrán ara wọn pawó. Nígbà tó di oṣù Kẹrin ọdún 2024, tí Pope ń gba iṣẹ́ gẹ́lẹ́, wọ́n mú ọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yẹn kúrò. Ọmọ tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá ti ń lọ déédéé lè ṣí níye ìgbà tó bá fẹ́. Ẹ wá fi ti kòrónà kún un. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní fásitì nígbà àrùn náà gba ọdún kan sí i, ìyẹn ló jẹ́ kí géńdé tó wà lọ́dún karùn-ún pọ̀ nílẹ̀ lọ́dún 2024.

Ẹ wo Hakeem Olajuwon tiwa. Èkó ló ti lọ sí Fásitì Houston, ó jókòó ní ọdún àkọ́kọ́, ó wá gbá bọ́ọ̀lù fún sáà mẹ́ta lábẹ́ Guy Lewis. Sáà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, 1982, 1983 àti 1984, ni wọ́n dé ìpele ikọ̀ mẹ́rin tó kẹ́yìn. Ojú àwọn ará Houston ni ọmọ náà ṣe dàgbà, wọ́n rí i nígbà tí kò tíì mọ̀ ọ́n gbá, wọ́n sì rí i nígbà tó di ọ̀gá. Irú ìyẹn ti ṣọ̀wọ́n báyìí.

Ẹ jẹ́ ká wá wo àwọn tí Pope kó jọ, nítorí níbẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Ó mú Lamont Butler láti San Diego State, ẹni tó ju bọ́ọ̀lù wọlé nígbà tí aago kù sí òdo ní ìpele ikọ̀ mẹ́rin tó kẹ́yìn lọ́dún 2023, tí ikọ̀ rẹ̀ fi borí Florida Atlantic pẹ̀lú 72 sí 71. Ó mú Koby Brea láti Dayton. Ní sáà tó ṣáájú, bí Brea bá ju bọ́ọ̀lù alámì mẹ́ta méjì, ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọlé dandan, kò sì sẹ́ni tó jù ú lọ ní gbogbo ìpele àkọ́kọ́ lórí ìyẹn. Ó mú Andrew Carr láti Wake Forest, ẹni gíga tó lè dúró lókèèrè kó jù ú wọlé. Jaxson Robinson tẹ̀ lé e wá láti BYU. Ansley Almonor wá láti Fairleigh Dickinson, ilé ẹ̀kọ́ kékeré tó na Purdue lọ́dún 2023. Brandon Garrison wá láti Oklahoma State, Kerr Kriisa ọmọ Estonia wá láti West Virginia.

Amari Williams, tí wọ́n bí ní Nottingham ní Ìlú Ọba, wá láti Drexel. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti fi í ṣe aláàbò tó dáńtọ́ jù nínú líìgì tí Drexel wà. Otega Oweh wá láti Oklahoma. New Jersey ni wọ́n bí i sí, Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Odafe sì ń gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ní NFL.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ọmọ tí ariwo rẹ̀ gba ìgboro kan nínú àwọn àgbà wọ̀nyí. Ohun tí Pope wò ni iṣẹ́ tí kálukú ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹnì kan á dí ọ̀nà mọ́ atamátàsé àwọn alátakò, ẹnì kan á dúró ní kọ̀rọ̀ kó máa ju alámì mẹ́ta, ẹnì kan á gba bọ́ọ̀lù tó bá ta padà. Kó tó pe ọmọ kan, ó ti mọ àyè tó ṣófo tí ọmọ náà máa dí. Ohun tí mo rí nìyẹn, òun sì ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin akọ́nimọ̀ọ́gbá tó wà níbí gbé yẹ̀ wò: orúkọ ńlá méjì tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ kan náà lè ba ikọ̀ jẹ́, nígbà tí ẹni mẹ́jọ tí aráyé ò mọ̀, tí iṣẹ́ wọn ò jọra, lè mú un dúró.

Ibi tó ti hàn jù ni ọ̀dọ̀ Williams. Ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà méje, ó sì jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì. Láyé àtijọ́, ẹni tó ga tó bẹ́ẹ̀, abẹ́ àpẹ̀rẹ̀ ni wọ́n máa ń fi í sí. Pope mú un jáde wá síbi ìlà tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé bọ́ọ̀lù fún un níbẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: Williams gbé bọ́ọ̀lù sókè orí, Butler sáré gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó ṣe bí ẹni fẹ́ gbà á, kò gbà á. Oweh gba ẹ̀yìn àwọn aláàbò wọlé láti òdìkejì. Brea ń yí bọ̀ ní kọ̀rọ̀. Bí ẹni tó ń ṣọ́ Williams bá súnmọ́ ọn jù, Williams á gbá bọ́ọ̀lù nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á sì gbé e lọ sí àpẹ̀rẹ̀. Bó bá sún sẹ́yìn, á tẹ bọ́ọ̀lù náà sí Oweh lọ́wọ́. Bí wọ́n bá rọ́ lọ bá Oweh, Brea ti wà lóun nìkan. Nígbà míì Williams á já bọ́ọ̀lù tó ta padà gbà, kò ní wá ẹni kékeré tó máa fún, òun fúnra rẹ̀ á máa gbá a lọ títí dé òdìkejì pápá. Ó máa ń sọ bọ́ọ̀lù nù nígbà míì nítorí ìyẹn, inú sì máa ń bí èèyàn. Pope ò dí i lọ́wọ́.

Oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ni ayé kọ́kọ́ rí i pé ikọ̀ náà kì í ṣe àkójọ àjèjì lásán. Atlanta ni wọ́n ti pàdé Duke, tí Cooper Flagg wà lójú ọpọ́n níbẹ̀. Duke ló wà níwájú nígbà ìsinmi. Kentucky ń bá a bọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di 72 sí 72. Flagg ń gbá bọ́ọ̀lù lọ sí abẹ́ àpẹ̀rẹ̀ láti parí ọ̀rọ̀, Oweh já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fáùlù Oweh, ó ju ọ̀fẹ́ méjèèjì wọlé. Ó parí sí 77 sí 72. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ní Seattle, Gonzaga fi àmì méjìdínlógún ṣáájú wọn. Butler ò lè gbá nítorí ara rẹ̀ ò dá, ẹsẹ̀ Kriisa tún dá lọ́jọ́ náà. Wọ́n borí nínú àfikún àsìkò, 90 sí 89.

Oṣù Kíní ọdún 2025, wọ́n na Florida ní Rupp, 106 sí 100. Florida yìí náà ló gba ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè lóṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n na Tennessee lẹ́ẹ̀mejì, lọ́dọ̀ọ wọn àti nílé. Ti Oweh àti Oklahoma, ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ àtijọ́, ló dùn mọ́ mi jù. Ní ìparí oṣù Kejì, ó padà lọ síbẹ̀, ó gba àmì méjìdínlọ́gbọ̀n, ó sì gba èyí tó kẹ́yìn wọlé tí wọ́n fi borí, 83 sí 82. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, níbi ìdíje SEC, líìgì tí Kentucky wà, ní Nashville, ikọ̀ méjèèjì tún pàdé, òun ló tún gba ti ìkẹyìn wọlé, 85 sí 84. Ọmọ yẹn ò dákú rí nígbà tí ojú bá le.

Kí n má tàn yín jẹ, àbò wọn ò lágbára. Alabama lù wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta nínú sáà kan náà, èyí tó kẹ́yìn burú púpọ̀: 99 sí 70, lọ́jọ́ kejì tí Oweh gba Oklahoma. Níbi ọgbẹ́ àti àárẹ̀ ni àìsàn irú ikọ̀ bẹ́ẹ̀ ti máa ń yọ. Èjìká ń da Butler láàmú, ẹ̀yìn ń dun Carr, wọ́n sì ní láti ṣe iṣẹ́ abẹ sí ọrùn ọwọ́ Robinson, sáà rẹ̀ sì parí síbẹ̀. Nínú ikọ̀ tó ti wà papọ̀ pẹ́, ọmọ ọdún kejì kan á ti wà lẹ́yìn tó ti kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nínú ikọ̀ tí wọ́n kó jọ láàárín oṣù díẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń mọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bó bá ṣubú, àyè náà ṣófo.

Ọjọ́ kíní oṣù Kejì, Calipari kó Arkansas wá sí Rupp. Wọ́n hó lé e lórí bó ṣe jáde. Wagner, Thiero àti Ivisic wọ aṣọ Arkansas lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún wọn lọ́dún kan sẹ́yìn. Arkansas borí, 89 sí 79. Ó dùn mí fún àwọn ọmọ náà ju fún Kentucky lọ, nítorí ariwo ọjọ́ yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Ọ̀gá wọn ṣí, wọ́n bá a ṣí.

Níbi ìdíje àṣekágbá, wọ́n borí Troy, wọ́n borí Illinois, wọ́n sì dé ìpele ikọ̀ mẹ́rìndínlógún fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 2019. Ní Indianapolis, Tennessee tí wọ́n ti nà lẹ́ẹ̀mejì gbẹ̀san, 78 sí 65. Sáà parí sí eré mẹ́rìnlélógún tí wọ́n borí àti méjìlá tí wọ́n pàdánù. Ikọ̀ tí kò ní ẹyọ ẹnì kan ní oṣù Kẹrin tó ṣáájú ló ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì kà á sí iṣẹ́ ribiribi.

Lọ́jọ́ kejì ni gbogbo rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀. Butler, Carr, Brea, Williams, Robinson àti Almonor ti lo ọdún wọn tán. NBA yan Brea àti Williams ní abala kejì. Kriisa ṣí lọ sí Cincinnati. Èyí tó kan mi lára jù ni ti Travis Perry. Ọmọ Lyon County ní ìpínlẹ̀ Kentucky gan-an ni, kò sì sí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kankan nínú ìtàn ìpínlẹ̀ náà tó gba àmì tó o. Gbogbo ará ilé ló ń retí pé á dàgbà lójú wọn bí Olajuwon ṣe dàgbà ní Houston. Sáà kan ló lò, ó gba Ole Miss lọ. Mi ò bá a wí. Ọmọ tí kò bá gbá bọ́ọ̀lù tó bó ṣe fẹ́, tí òfin sì ṣílẹ̀kùn fún un, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti jáde. Àwọn tó ṣe òfin ni mo ń bá wí. Láti ọjọ́ kíní oṣù Keje ọdún 2025, fásitì ti lè sanwó fún agbábọ́ọ̀lù tààrà, 20.5 mílíọ̀nù dọ́là ni òdiwọ̀n fún gbogbo eré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́ kan lọ́dún àkọ́kọ́. Níwọ̀n ìgbà tó ti di iṣẹ́ olówó, mo fẹ́ kí ọmọ àti fásitì lè fọwọ́ sí ìwé ọdún méjì tó de ẹni méjèèjì. Kóòṣì náà gbọ́dọ̀ wà nínú ìdè yẹn, nítorí kò tọ́ kí a so ọmọ mọ́lẹ̀ kí ọ̀gá rẹ̀ sì máa rìn lọ bó bá ṣe wù ú.

Pope tún padà sídìí fóònù lọ́dún 2025. Ó mú Jaland Lowe láti Pittsburgh, Denzel Aberdeen láti Florida, Mouhamed Dioubate láti Alabama, Jayden Quaintance láti Arizona State. Ṣùgbọ́n kò bẹ̀rẹ̀ láti òdo mọ́. Oweh ti fi orúkọ sílẹ̀ fún NBA, ó yọ ọ́, ó sì padà. Garrison dúró, Collin Chandler dúró, Trent Noah, ọmọ Harlan County, dúró. Ẹni mẹ́rin tó mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń gbà ló wà nílẹ̀ láti fi ọ̀nà han àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọdún tó ṣáájú kò ní ẹyọ kan.